Irin Kékeré Tí Mo Jù Sínú Igbó

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti rẹ̀ mí. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ìyàwó mi ò mọ̀ ọ́n, pásítọ̀ wa ò mọ̀ ọ́n, ìyá tó bí mi sì kú láìgbọ́ ọ. Mo ti gbé e pamọ́ pẹ́ débi pé nígbà míì, èmi fúnra mi a fẹ́ gbà pé irọ́ tí mo pa ni òótọ́.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ mi, ó ní kí n dárí ji òun. Mo sì dárí jì í. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún, èmi ni mo dá a. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi mọ́.

Mowe ni mò ń gbé. Ilé ara mi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò tíì rẹ́ ara rẹ̀ níta. Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo máa ń bá wọn tọ́jú ọjà ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Bọ́lá ìyàwó mi ń ránṣọ, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́nu géètì wa. Ọmọ Ifo ni, ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí kó tó bá mi lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àbúrò kan ṣoṣo ló ní, ọkùnrin ni, Múrí lorúkọ rẹ̀. Mẹkáníìkì ni Múrí, ní Ifo níbẹ̀. Òun ló ń tún ọkọ̀ wa ṣe láti ìgbà tí a ti ní ọkọ̀.

Nígbà tí mo lọ fẹ́ Bọ́lá, mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí rẹ̀ bí gbogbo ọkọ ìyàwó ti ń ṣe. Múrí ṣì ń kọ́ṣẹ́ nígbà yẹn. Ó jókòó sáàárín àwọn àgbà, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra. Wọ́n ní kí n dọ̀bálẹ̀ fún òun náà, pé bó ti wù kó kéré tó, àna mi ni. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

A ti lo ọkọ̀ wa pẹ́. Nígbà tó yá, tí mo bá ti yí ìdarí láti yà sí kọ́nà, iwájú rẹ̀ á máa dún ka-ka-ka-ka. Múrí wakọ̀ náà yí àdúgbò wa ká lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ sílẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, ṣáàfù ni. Ó ti jẹ." Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ṣáàfù ni irin gígùn tó ń gbé agbára láti inú ẹ́ńjìnnì wá sí táyà iwájú. Bó bá já lójú ọ̀nà, ọkọ̀ ò ní lọ mọ́.

Ó ní kò sídìí tí a ó fi gbé e dé Ifo, pé òun á wá ṣe é nínú ọgbà wa. Èmi àti ẹ̀ jọ lọ ra tuntun ni. Ẹni tó tà á fún wa ti fi ọ̀dà búlúù sàmì sí ìdí rẹ̀. Múrí fi hàn mí, ó ní, "Ẹ wò ó dáadáa, Bọ̀dá, kí ẹ lè dá a mọ̀." Ẹ̀rín ni mo fi í rín nígbà náà.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga wa ló ti ṣe é, lọ́jọ́ Sátidé kan. Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀, ó tú táyà, ó yọ ti àtijọ́, ó ki tuntun bọ̀ ọ́. Nọ́ọ̀tì ńlá kan wà láàárín ibi tí táyà ń jókòó sí, òun ló di ṣáàfù mú. Kò ṣeé fún dáadáa àyàfi tí ẹnì kan bá jókòó sínú ọkọ̀ tó tẹ búréèkì, torí gbogbo ẹ̀ á máa yí ni. Bọ́lá ló tẹ̀ ẹ́ fún un.

"Àǹtí mi, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa!"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́! Àbí kí n tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ ni?"

Wọ́n ń bá ara wọn ṣàwàdà bẹ́ẹ̀ títí ó fi fún un tán. Lẹ́yìn náà ló mú irin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní pínnì, kò gùn tó ìka ọwọ́. Inú ihò ara nọ́ọ̀tì ló máa ń gbà kọjá, kí nọ́ọ̀tì má bàa tú fúnra rẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń lọ. Múrí ti pínnì náà bọ ihò, ó fi òòlù tẹ orí rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Mo dúró tì í. Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i.

Nígbà tó ń lọ, ó gbé ṣáàfù àtijọ́ sílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bí mẹkáníìkì tí kò fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ti ń ṣe nìyẹn. Wọ́n á fi ti àtijọ́ sílẹ̀ kí ẹni tó ni ọkọ̀ lè mọ̀ pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lóòótọ́.

Ká ní mo fi mọ bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ sípàdé àwọn onílé àdúgbò wa. Ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì ló délẹ̀. Bàbá kan tí ilé wọn kọjú sí tiwa ní kí á má jẹ́ kí ṣáàfù àtijọ́ tí wọ́n ń fi sílẹ̀ tàn wá jẹ. Ó ní wọ́n máa ń ṣa òmíràn lórí ààtàn, wọ́n á gbé e sílẹ̀ fún ẹ, wọ́n á kun tìẹ ní ọ̀dà, wọ́n á dá a padà síbi tó wà, wọ́n á sì gbé tuntun lọ. Mo ní tèmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, àna mi ni. Bàbá náà ní, "Mẹkáníìkì wo ló mọ àna?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà relé.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni mo tún gbọ́ ariwo kan nígbà tí mò ń yà sí àdúgbò wa. Kò dún bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó dún. Ọkàn mi ní, "O ò rí i?"

Ẹ jọ̀ọ́, ó yẹ kí n pè é, kí n bi í. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń bi àna rẹ̀ bóyá olè ni? Mo pinnu pé màá yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi. Mo ti máa ń wo fídíò àtúnṣe ọkọ̀ lórí fóònù, mo sì ti rò pé mo mọ̀ ọ́n. Bí ìwà mi ti rí nìyẹn, ohun tí mo bá ti wò lẹ́ẹ̀mejì, mo ti di ọ̀gá nínú ẹ̀.

Mo dúró di ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí Bọ́lá kó àwọn ọmọ lọ sípàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbé jáàkì sábẹ́ ọkọ̀, mo tú táyà. Pínnì tí Múrí tẹ̀, mo fi ẹ̀mú tọ́ ọ, ibi tí mo ti ń tọ́ ọ ló kán. Kò sẹ́ni tó máa bá mi tẹ búréèkì, ni mo bá lọ gbé ọmọ odó wá láti kíṣìnnì, mo fi ti búréèkì mọ́ ìjókòó. Mo tú nọ́ọ̀tì, mo fa gbogbo ẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, títí mo fi rí ìdí ṣáàfù náà.

Mo rí ọ̀dà búlúù náà. Tuntun ni. Ohun tí a jọ rà ni Múrí fi sínú ọkọ̀ mi.

Ojú tì mí, èmi nìkan nínú ọgbà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá gbogbo ẹ̀ padà ní kánmọ́. Mo ti fi ọwọ́ lásán yí nọ́ọ̀tì débi tó lè dé, mo fẹ́ mú sípánà báyìí, ni mo gbọ́ ohùn Bọ́lá àti àwọn ọmọ lẹ́nu géètì. Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni ọmọ odó. Kí ni mo máa sọ pé ọmọ odó ń ṣe nínú ọkọ̀? Mo fà á yọ, mo sáré gbé e padà sí kíṣìnnì. Nígbà tí mo máa jáde, wọ́n ti wọlé. Mo dá táyà padà bí ẹni tí kò sí nǹkan tó ń ṣe.

"Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Táyà ni mò ń wò."

Pínnì tó kán ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo jù ú gba orí fẹ́ǹsì sínú igbó lẹ́yìnkùlé. Mo ní tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́la, màá ra òmíràn, màá sì wá ọgbọ́n tí màá fi fún nọ́ọ̀tì náà le.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n pe Bọ́lá láti Ifo pé ara ìyá wọn ò yá. Mò ń lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi lọ́wọ́. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí n máa kó àwọn ọmọ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, òun á yà ra oògùn ní Ibafo, òun á sì gba ibẹ̀ lọ bá màmá.

Ẹ̀yin ará, mo la ẹnu. Ọlọ́run rí mi, mo la ẹnu. Tí mo bá ní kó má gbé ọkọ̀, á bi mí pé kí ló dé. Tí mo bá sọ ohun tó dé, mo ti pe àbúrò rẹ̀ lólè nìyẹn, àbúrò tó wá láti Ifo wá fi ara yílẹ̀ nítorí tiwa. Mo sọ fún ara mi pé nọ́ọ̀tì ò lè tú láàárín ibi tí kò jìnnà. Mo ní, "Rọra wakọ̀ o."

Ó ní, "Mo gbọ́."

Ẹsẹ̀ mi ò kúrò níbi tí mo dúró sí títí áyọ́ọ̀nù fi jó ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì mi.

Ó ti ra oògùn tán, ó ti kúrò ní Ibafo, kí táyà iwájú tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ ò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Inú gọ́tà ló lọ. Kò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n orúnkún ọ̀tún rẹ̀ fọ́, ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ẹni tó bá wa fa ọkọ̀ wo ìdí táyà, ó mi orí. Ó ní, "Ẹni tó ṣe ṣáàfù yìí ò fi pínnì sí i. Nọ́ọ̀tì gan-an ò fún." Àbúrò bàbá Bọ́lá wà níbẹ̀. Ó kọjú sí mi, ó bi mí pé ta ló ṣe ọkọ̀ yìí kẹ́yìn.

Mo ní, "Múrí ni."

Ohun tí mo sọ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyin lohùn lóòótọ́. Ó balẹ̀, ó fọ́, mo sì ń wò ó.

Múrí sáré wá sí ọsibítù pẹ̀lú gíríìsì lápá. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Wàláhì, Àǹtí mi, mo fi pínnì sí i. Mo fi òòlù tẹ̀ ẹ́."

Bọ́lá kọjú sí ògiri. Ó ní, "Má pe Ọlọ́run sí i. Ṣebí èmi ni mo tẹ búréèkì fún ẹ? Ọ̀rọ̀ tá a jọ ń sọ ló jẹ́ kó o gbàgbé. Àfọwọ́fà mi ni."

Ni Múrí bá wo ojú mi. "Bọ̀dá, ẹ̀yin náà dúró tì mí. Ẹ rí mi."

Mo ní, "Mi ò kíyè sí i."

Ẹ jọ̀ọ́, nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, eléyìí ló ń jí mi lójú oorun. Pínnì tí mo jù nù, mo lè pè é ní àṣìṣe. Èmi tí mo dákẹ́ nídìí áyọ́ọ̀nù, mo lè pè é ní ojo. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin náà na ọwọ́ sí mi pé kí n fà á yọ, mo sì kó ọwọ́ mi sápò.

Ìròyìn dé Ifo kí Múrí tó padà dé ibẹ̀. Wọ́n ní ó fẹ́ pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tán. Ta ló máa tún gbé ọkọ̀ wá fún un? Ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọ̀kadà ní Ibogun, ó ń gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bọ́lá ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ọdún ń gorí ọdún. Bí Iléyá bá dé, ìyá wọn á fi ẹran Múrí ránṣẹ́ sí wa, Bọ́lá á pín gbogbo ẹ̀ fún àwọn aládùúgbò láìtọ́ ọ wò. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ ẹ̀rọ. Ọ̀pá ló fi ń rìn. Tí òjò bá fẹ́ rọ̀, orúnkún náà á ti sọ fún un, èmi ni mo máa ń fi aṣọ omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ fún un. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń sọ pé ọkọ bíi tèmi ṣọ̀wọ́n.

Ariwo tí mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Nígbà tí a kó ẹrù inú ọkọ̀ náà jáde ká tó tà á, mo bá irin ẹ̀rọ ìránṣọ kan nínú búùtù. Bọ́lá ló gbé e síbẹ̀ láti lọ tún un ṣe. Òun ló ń yí gbirigbiri nígbàkigbà tí mo bá yà.

Igbó tí mo ju pínnì sí, ẹnì kan ti kọ́lé sórí rẹ̀ báyìí. Wọ́n ti da kọnkéré bò ó. Tí mo bá dúró sí fèrèsé, ògiri wọn ni mò ń wò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá wọn ní òun ò fẹ́ kú kí òun fi ọmọ méjì sílẹ̀ bí àjèjì. Ó rán àbúrò ọkọ rẹ̀ kó mú Múrí wá sílé wa. Múrí ti gbó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Kò tíì jókòó tó fi dọ̀bálẹ̀, ó kọ́kọ́ dojú kọ èmi, torí pé èmi ni olórí ilé.

Ó ní, "Bọ̀dá mi, mo ti bá ara mi jà tó. Mo máa ń rí i lójú mi pé mo fi pínnì yẹn sí i. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ ẹlòmíì ni mò ń rántí. Ọwọ́ mi ló ṣe é. Ẹ ṣàánú mi, ẹ dárí jì mí."

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Iṣẹ́ tó ṣe dáadáa, tí ojú òun fúnra rẹ̀ rí, mo ti jẹ́ kó má gba ojú ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Ó yẹ kí n dá a dúró. Ṣùgbọ́n àgbà ìdílé wọn wà níbẹ̀, ìyàwó mi ń sunkún, àwọn ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní, "Dìde. Ó ti tán. Mo ti dárí jì ẹ́."

Àgbà náà gbá mi léjìká. Ó ní, "Àna gidi rèé. Ẹlòmíì ò ní gbà." Bọ́lá dìde, ọ̀pá rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó dì mọ́ àbúrò rẹ̀, wọ́n jọ ń sunkún. Múrí ló bẹ̀rẹ̀ mú ọ̀pá náà, ó fi ẹ̀wù rẹ̀ nù ún kó tó gbé e lé e lọ́wọ́.

Kó tó lọ, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wọlé, gbogbo sípánà rẹ̀ láti ìgbà tó ti gba fírídọ̀ọ̀mù. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ gbà á. Mi ò lè fọwọ́ kan ọkọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀yin fẹ́ràn àtúnṣe, ẹ máa fi ṣe nǹkan nílé." Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo tún dúpẹ́.

Àná ni mo ṣí i. Lábẹ́ gbogbo sípánà náà, mo bá agolo mílíìkì kan tó fi ọ̀rá wé lẹ́nu. Pínnì ló kún inú rẹ̀, tuntun, oríṣiríṣi, kékeré àti ńlá. Ẹni tí mo jẹ́ kí gbogbo Ifo máa pè ní ẹni tó gbàgbé pínnì nìyẹn.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ò tíì lé mi bá o. Èmi ni mo jókòó sílẹ̀ tí mò ń retí rẹ̀, torí ó ti rẹ̀ mí láti máa sá.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì nínú yín á ní ìjà ti parí, kí n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo ti rò ó bẹ́ẹ̀. Tí mo bá sọ ọ́, Bọ́lá lè má bá mi gbé mọ́, mi ò sì ní bá a wí. Tí mi ò bá sọ ọ́, Múrí á máa gun ọ̀kadà kiri Ibogun, á máa rò pé òun ni òun ṣẹ́ ẹ̀gbọ́n òun lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí ló máa wá jẹun lọ́dọ̀ wa. Bọ́lá ti ń wá ẹja tó fẹ́ràn láti kékeré.

Kí n sọ fún Bọ́lá kó tó dé ni, àbí kí n dúró kí àwọn méjèèjì jókòó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ọjọ́ ìgbéyàwó mi, mo dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ yìí nígbà tí mi ò tíì ṣẹ̀ ẹ́, gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín. Ní báyìí tó jẹ́ òun ló ti dọ̀bálẹ̀ fún mi, tí mo sì ní kó dìde, pé mo ti dárí jì í, ẹ̀yin ará, ibo ni kí n gbà dé ilẹ̀ níwájú rẹ̀?